Àga Mísì Verlene Nínú Yìnyín

“Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ da omi sí mọ́tò ọ̀gbẹ́ni yẹn?”

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bi Mísì Verlene Hatchett ní ìbéèrè yìí. Ìkóríta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa la dúró sí, ní apá gúúsù Ṣikágò. Ó di ọ̀pá àmì pupa rẹ̀ mú, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń tàn bí mọ́tò bá tan iná sí i. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi ní kíláàsì, ọwọ́ ni mo máa ń nà sókè, n kì í lè la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbóná nínú mi fún ọjọ́ méjì gbáko, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìdáhùn kan ṣoṣo lè gba iṣẹ́ rẹ̀ là. Bó bá ní “Èmi kọ́,” kò sí ẹni tó rí i, kò sì sí ẹni tó lè jẹ́rìí pé òun ni. Bó bá ní “Èmi ni,” ẹ̀wù ìyeyè yẹn máa bọ́ lára rẹ̀.

Ó wò mí. Ó wo iná tó wà lókè orí wa.

“Iná ti yí, ìyá mi,” ló wí. “Sọdá. Má wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.”

Mo sọdá.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mísì Verlene ti fi dúró sí ìkóríta yẹn, tó ń dá mọ́tò dúró kí àwa ọmọ ilé ìwé lè sọdá títì. Ṣáájú ìgbà náà, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe suwíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, títí wọ́n fi kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ó máa ń sọ pé òun fẹ́ràn ọmọ ju suwíìtì lọ, pé ọmọ kì í yọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó mọ orúkọ ìyá wa, ó sì mọ ẹni tí kò jẹun nínú wa kó tó kúrò nílé. Bí ọmọ kan bá sọ ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan nù, Mísì Verlene á ṣà á, á fọ̀ ọ́, á kó o sápò. Ọmọ tó bá wá ní ọwọ́ òfìfo nínú òtútù, á na ìbọ̀wọ́ méjì sí i, ọ̀kan pupa, ìkejì búlúù.

“Mà, wọn ò bára mu.”

“Ìka ẹ ò lójú. Wọ̀ ọ́.”

Àwọn onímọ́tò bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sáré bọ̀, á wọ àárín títì lọ, á gbé àmì pupa sókè, á sì bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ yìí! Ṣé ilé ìyá ẹ ló ń jóná ni, tó o fi ń sáré báyìí? Ọmọ èèyàn ló ń kọjá, kì í ṣe adìyẹ!” Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, mọ́tò kò fi ara kan ọmọ kankan ní ìkóríta Mísì Verlene.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Cleophus, ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá kọjá láàárín ìlú. Ọkùnrin gíga ni, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rọ̀ burúkú kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀sì kékeré kan máa ń wá gbé e ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá pa ọjọ́ kan jẹ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ara rẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, mímí á di ìjà. Gbogbo òpópónà wa ló mọ èyí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ni.

Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kò sì dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi ṣú. Afẹ́fẹ́ láti orí adágún omi ńlá tó wà lẹ́bàá ìlú ń gbá a mọ́ ara ilé. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì di òkìtì funfun, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ àfi kó kà á láti ìdí igi.

Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nírú ìgbà yẹn, àwọn bàbá wa ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì wú yìnyín kúrò lójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun ló ni ojú ibẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́. Àga ló máa gbé síbẹ̀ láti fi sàmì. Ẹni tí kò bá ní àga á gbé pátákó ìlọṣọ síbẹ̀, tàbí báàfù ọmọdé. Bàbá Purvis tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa, àwo ṣáláńgá àlòkù ni tirẹ̀, ó ní kò sí olè tí inú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, títì kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í mú ṣọ́bìrì jáde ní ìdájí. A kì í gbé àga ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gbé e, ẹni tó ni àga ló ni ẹ̀san: ó lè fi yìnyín sin mọ́tò náà pa dà, ó lè da omi sí i kó dì. Ara àdúgbò á kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì yìn ín lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìró ṣọ́bìrì Mísì Verlene ló jí mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni nígbà náà. Ó ń wú yìnyín níwájú ilé wọn gan-an, nítorí ọkọ rẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, àfi kí bọ́ọ̀sì dúró sí ẹnu àtẹ̀gùn. Mo gbójú sí fèrèsé, mo sì rí Bàbá Purvis tó yọ orí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Verlene! Ṣé wúrà lò ń wá nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni?”

“Ọpọlọ ẹ ni mò ń wá, Purvis. Wọ́n ní ibí lo sọ ọ́ nù sí.”

“Tó o bá rí i, bá mi gbọn yìnyín ara ẹ̀ dànù o!”

“Wá ràn mí lọ́wọ́, àbí kó o padà sínú ilé lọ bo orí pípá ẹ.”

“Ẹ̀yìn ń dùn mí.”

“Ẹnu ẹ ò dùn ẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì tirẹ̀. Wọ́n jọ wú èyí tó kù. Nígbà tí ojú ilẹ̀ dúdú yọ, tó fẹ̀ tó bọ́ọ̀sì kékeré, Mísì Verlene gbé àga aláwọ̀ ewé kan jáde láti inú kíṣìnnì, ó gbé e sí àárín rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé àga yẹn wá láti Mississippi. Ó wọ ẹ̀wù ìyeyè, ó sì lọ sí ìkóríta, torí wọ́n ti ní ká padà sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Cleophus nìkan ló rí i. Ó ti múra, ó ti wọ kóòtù, ó jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń retí bọ́ọ̀sì. Mọ́tò funfun kan dé. Ọ̀gbẹ́ni Colby ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kẹta sí tiwọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo àga yẹn, ó fi ọwọ́ méjì gbé e, ó sì lọ jù ú sínú àgbá ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bàbá Cleophus fi ọ̀pá rẹ̀ lu gíláàsì fèrèsé, ó ń lù ú kíkankíkan. Ọ̀gbẹ́ni Colby gbójú sókè, ó rò pé wọ́n ń kí òun. Ó juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ síbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́jọ. Kò rí ibi dúró sí. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta ní àárín títì, àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fun tiwọn. Kó tó di pé Bàbá Cleophus fa ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ti lọ. Òfin wọn ni pé kí wọ́n má ṣe dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Láti ìgbà tí Mísì Verlene parí iṣẹ́ àárọ̀ títí ó fi padà sí ìkóríta lọ́sàn-án, ìdí fóònù ló wà. Ẹni tó dá a lóhùn níbi ìtọ́jú ní kò sí ààyè kankan títí di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ilé ìwé parí, tó ti mú gbogbo wa sọdá, mo rí i pé kò gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Ilé Ọ̀gbẹ́ni Colby ló lọ. Ọ̀nà mi gba ibẹ̀, mo sì dúró lẹ́yìn igi kan, mo ń ṣe bíi pé mò ń so okùn bàtà mi.

“Mà, ẹ káàsán o,” ni Ọ̀gbẹ́ni Colby wí. Kò burú lójú. Kò pariwo rárá. “Ṣé kò sí?”

“Àga mi dà?”

“Háà, tiyín ni? Mo rò pé ẹnì kan sọ ọ́ nù ni. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó o lọ. Ẹ má bínú.”

“Ìwọ rí ilẹ̀ tí wọ́n wú mọ́ roro láàárín yìnyín tó dé orúnkún, o rí àga láàárín ẹ̀, o wá rò pé ẹnì kan sọ ọ́ nù.”

“Mà, títì gbogbo wa ni. Mo ti ka òfin ìlú lórí ẹ̀.”

“Ọkọ mi ò rí ìtọ́jú gbà lónìí. Omi ti ń kún un lára. Jọ̀ọ́, gbé mọ́tò yìí kúrò níwájú ilé mi.”

“Ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e, níbo ni mo máa gbé e sí?”

“Ṣọ́bìrì mi wà nílé. Mo lè yá ẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín bíi pé àwàdà ni. Ó ní òun ní ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe rọra tì í yẹn ló ń bí mi nínú jù títí di òní. Ká ní ó gbá a ni, ì bá sàn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Colby ti di òkúta omi. Omi dídì bò ó láti orí dé táyà, ó nípọn ju ìka mi lọ, ó ń dán. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣeé rí, ọwọ́ ilẹ̀kùn wà nínú omi dídì bí ẹja inú ìgò. Àwọn èèyàn ń jáde lọ síbi iṣẹ́, bí wọ́n bá dé ibẹ̀ wọ́n á dúró. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní parọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Colby jáde. Ó padà wọlé, ó sì gbé ìkòkò omi gbígbóná kan jáde, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ìyá àgbà mi kígbe láti ẹnu ọ̀nà wa.

“Ọmọ mi, má da ìyẹn sí i o! Gíláàsì yẹn á fọ́!”

Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó dà á. Gíláàsì iwájú mọ́tò náà dún bí ìbọn, ó sì là láti igun dé igun.

Ìgbà yẹn gan-an ni Mísì Verlene jáde nílé, tó ń lọ sí ìkóríta. Bàbá Purvis, tó mọ̀ pé ẹni tó ni àga ló ni ẹ̀san, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ní òpópónà wa ì bá ṣe. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba.

“Ẹ dìde dúró o! Ọbabìnrin yìnyín ti jáde! Verlene, ọwọ́ ẹ dà ká fẹnu kò ó! Ọwọ́ tó ń dá mọ́tò dúró, ó wá dá eléyìí dúró pátápátá!”

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan súfèé. Mísì Verlene kò rẹ́rìn-ín. Ó wo mọ́tò náà, ó wo fèrèsé ilé rẹ̀, ó ní, “Purvis, pa ẹnu ẹ mọ́,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó kíyè sí i pé Ọ̀gbẹ́ni Colby ti gbé fóònù sókè, ó ń ya gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá dé ní ọ̀sán. Wọn kò bá ẹlẹ́rìí kankan, wọn kò bá garawa, wọn kò bá ipa ẹsẹ̀. Àwàdà Bàbá Purvis àti àtẹ́wọ́ wa ni wọ́n bá. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Mísì Verlene lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bóyá òun ló ṣe é. “Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ,” ló wí. Wọ́n kọ ọ́. Bàbá Purvis jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nínú òtútù yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá àgbà mi lọ bá a, ó ní kó wọlé.

“Lurlean, mo fi ẹnu ara mi tà á.”

“Ìwọ nìkan kọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.”

Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Wọ́n ti wú àyè mìíràn ní igun òpópónà. Bàbá Purvis àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn gbé Bàbá Cleophus sórí àga, wọ́n sì gbé e kọjá lára mọ́tò tó dì náà bí ẹni ń gbé ọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà kò gbà á, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rí i. Mo fẹ́ kí adájọ́ rí i, mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tí òfin pe ìyẹn.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo béèrè ìbéèrè mi, tó ní kí n sọdá.

Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ìyá àgbà mi lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú mi dání lẹ́ẹ̀kan, ó gbé kéèkì lọ, ó ní kí n máa jẹun kí n má sì gbọ́. Mo gbọ́.

“Verlene, sọ pé ìwọ kọ́. Ta ló máa sọ pé irọ́ ni?”

“Wọ́n á béèrè pé ta wá ni nígbà náà.”

“Kí wọ́n béèrè! Kí wọ́n béèrè títí! Àwọn tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ti sọ pé tí wọ́n bá dá ẹ lẹ́bi, o ò ní dúró sídìí ọmọ mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún, Verlene!”

“Mo mọ̀ ọ́n kà, Lurlean.”

“O kàn jókòó báyìí bí ẹni tí wọ́n fi oorun pa.”

“Bá mi gé kéèkì yẹn fún Cleophus. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọn ò gbà fún un láti jẹ ẹ́ púpọ̀.”

Lọ́jọ́ ẹjọ́, a kún yàrá náà. Ọ̀gbẹ́ni Colby mú àwòrán gíláàsì rẹ̀ wá, ó tóbi, ó ní àwọ̀. Wọ́n ṣe àfihàn àtẹ́wọ́ wa. Bàbá Purvis dìde, ó ní, “Olúwa mi, àwàdà ni mo ń ṣe! Báyìí là ń ṣe! Tí màlúù bá kú lójú títì, mo lè ní Verlene ló pa á!” Wọ́n ní kó jókòó. Ìyá àgbà mi ní omi gbígbóná ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló fọ́ gíláàsì, wọ́n ní kì bá tí lo omi gbígbóná ká ní kò sí omi dídì. Adájọ́ wá yíjú sí Mísì Verlene, ó bi í pé ṣé ó sẹ́ ẹ̀sùn náà.

“Mi ò sẹ́,” ló wí.

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ó sọ pé òun kò sẹ́. Kò sọ pé òun ni. Gbogbo àwọn tó kù gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu rẹ̀, èmi gbọ́ méjì, ṣùgbọ́n ta ni mo máa sọ ọ́ fún?

Wọ́n ní kó fi àádọ́ta wákàtí ṣa ìdọ̀tí ní pápá ìṣeré ìlú. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ìwé fi dé, pé kó dá ẹ̀wù àti àmì pupa padà. Ó fọ ẹ̀wù náà, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó sì mú un lọ fúnra rẹ̀.

Òtítọ́ tí mo fẹ́ sọ nìyí, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ó má dà bí ariwo. Gíláàsì kan fọ́ ní òpópónà wa, ọlọ́pàá wá, agbẹjọ́rò wá, adájọ́ jókòó lé e lórí. Ọkùnrin kan wú bí àpò omi nínú yàrá rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan kò fẹ́ di ṣọ́bìrì mú, kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà ẹyọ kan. Wọ́n mú obìnrin tí kò jẹ́ kí mọ́tò pa ọmọ kúrò lójú títì, nítorí mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìkóríta wa fi wà láìsí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹrin, mọ́tò kan gbá ọmọbìnrin kíláàsì kejì kan níbẹ̀, itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n wá gbé iná mìíràn síbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Iná yẹn kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Cleophus kú ní oṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ìsìnkú, Mísì Verlene wà ní pápá ìṣeré, ọ̀pá onírin lọ́wọ́, ó ń ṣa bébà, torí wákàtí rẹ̀ kò tíì pé. Bàbá Purvis bá a ṣa á. Wọ́n ní wọn ò ní í ka tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun kò wá fún kíkà. Ọ̀gbẹ́ni Colby fi káàdì ìbánikẹ́dùn kan sábẹ́ ilẹ̀kùn, ọdún méjì lẹ́yìn náà ó ta ilé rẹ̀, ó kó lọ. Mo gbà gbọ́ pé títí di òní, ó rò pé òun jẹ́ aládùúgbò rere.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní oṣù tó kọjá, ìyá àgbà mi ní kí n gbé ẹ̀fọ́ àti ẹran ọrùn ẹlẹ́dẹ̀ lọ fún Mísì Verlene, torí eékún kò jẹ́ kó lè jáde mọ́ tí òtútù bá mú. Mo gbé oúnjẹ náà kalẹ̀. Mo bá a fọ àwo tó wà nílẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó sì da kọfí fún mi.

“Ìwọ lọmọ tó bi mí ní ìbéèrè,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan lo béèrè. Àwọn tó kù ti mọ̀ kí wọ́n tó jí. Ṣé o ṣì fẹ́ gbọ́?”

“Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, mà.”

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Cleophus ni. Mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìdájí, mi ò bá a. Ọkùnrin tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún, tí mò ń gbé ife sí lẹ́nu! Mo sáré dé ojú fèrèsé. Ó ń bẹ níta nínú òtútù yẹn, ó fi ọwọ́ kan tẹ ọ̀pá, ó fi ọwọ́ kejì gbé jọ́ọ̀gì omi. Ó dà á, ó wọlé, ó tún pọn ọ́n, ó tún jáde. Jọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè sọ iye ìgbà tó lọ. Mo ní kí n lọ fà á wọlé, mo wá gbọ́ tó ń bú ọkùnrin yẹn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èébú tí mi ò mọ̀ pé ó gbọ́ rí, odidi díákónì. Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ni mo bá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣe bíi pé mo ń sùn. Nígbà tó dùbúlẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ tutù bí irin. Ó ní, ‘Verlene, mo ti bá a sọ̀rọ̀.’ Ó sì sùn.”

Ó nu ẹnu ife rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò.

“Tí mo bá sẹ́, wọ́n á wá a kàn. Mo mọ̀ pé wọn ò ní tì í mọ́lé. Wọ́n á káàánú ẹ̀ ni. Wọ́n á ní àìsàn ló dà á lórí rú, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀, kí wọ́n wá sọ ọ́ di àìsàn. Rárá o. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀wù wọn.”